Bí ẹ ṣe lè fi àkọsílẹ̀ ibi iṣẹ́ mú iṣẹ́ dára sí i, kí òṣìṣẹ́ yín sì tẹ̀ síwájú

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ kéékèèké ní Abẹ́òkúta ń bi mí jù lọ rèé: "Mo ní rẹ́jísítà, mo ní ìwé ọjà, ọmọ mi sì bá mi ṣe Excel kan. Kí ni kí n wá fi wọ́n ṣe?" Ọ̀pọ̀ ti ń kọ nǹkan sílẹ̀ ọjọ́ pẹ́, wọn kì í sì í padà ṣí ìwé náà, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ bá ẹnì kan jà. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ìwé tó jẹ́ pé ọjọ́ ìjà nìkan ni ẹ ń ṣí i, kò ní pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ sínú rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ dì mú bí ẹ ṣe ń kà á lọ: iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi àkọsílẹ̀ bi léèrè ọ̀rọ̀, kí ẹ tó kan ènìyàn. Ibi iṣẹ́ aládìrẹ ní Ìtòkú ni màá ti máa mú àpẹẹrẹ, nítorí pé iṣẹ́ wọn ní ìpele tí ojú lè rí. Ẹni tó ń tẹ̀wé ní Sápọ̀n, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní Ọbáńtokò àti ẹni tó ní ilé ìwòsàn ní Ìbàrà lè lò ó bákan náà.

## Ohun tí ẹ nílò

- Ìwé ńlá kan tí ẹ ti fi rúlà fa ìlà sí. Ẹ fi okùn so bírò mọ́ ọn, torí bírò ibi iṣẹ́ kì í gbé ibi tí a fi í sí.
- Aago ògiri kan tí gbogbo yín gbà pé òun ni aago. Bí oníkálukú bá ń wo fóònù tirẹ̀, ẹ ó máa jà lórí ìṣẹ́jú mẹ́fà.
- Ẹnì kan tí yóò máa kọ ọ́, àti ẹni tí yóò dípò rẹ̀ bí kò bá wá.
- Ọjọ́ kan lóṣù tí ẹ máa jókòó kà á. Ẹ sàmì sí i lára kàlẹ́ńdà báyìí.

Ẹ kò nílò láti ra ohunkóhun mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ẹ̀rọ tàbí áàpù fún yín kí ẹ tó kọ oṣù àkọ́kọ́ tán, ẹ ní kó padà wá.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú ìbéèrè kan

Ìbéèrè kan péré, tó kan iṣẹ́, tí ìwé sì lè dáhùn. "Ta ni ọ̀lẹ níbí?" kì í ṣe ìbéèrè, ẹ̀sùn ni. "Kí ló dé tí ọjà oníbàárà fi ń kọjá ọjọ́ tí a dá?" ìbéèrè nìyẹn. "Ní ìpele wo ni aṣọ ti ń bàjẹ́ jù?" náà dára. Bí ìbéèrè yín bá ní "àti" nínú, ó ti di méjì nìyẹn. Ẹ fi ìkejì sílẹ̀ di oṣù mẹ́ta sí i.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo ohun tó ti wà nílẹ̀

Kí ẹ tó fa ìlà tuntun, ẹ kó àwọn ìwé tí ẹ ti ní jọ: ìwé ọjà tí oníbàárà béèrè, rẹ́sìtì ohun èlò, rẹ́jísítà wíwá sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ̀sùn oníbàárà lórí WhatsApp wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ: ọjọ́ wà lára rẹ̀, àwòrán wà lára rẹ̀, kò sì sí òṣìṣẹ́ kankan tó lè yí i padà.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ pe gbogbo wọn jọ, tàgbà tọmọ iṣẹ́. Ẹ sọ nǹkan mẹ́rin: ohun tí ẹ máa kọ, ìdí tí ẹ fi máa kọ ọ́, ẹni tó lè rí i, àti ìgbà tí ẹ máa sọ ọ́ nù. Kí ẹ tún sọ ọ́ ketekete pé ẹnikẹ́ni ló láṣẹ láti wo ohun tí wọ́n kọ nípa òun, kó sì ní kí a tún un ṣe bí kò bá rí bẹ́ẹ̀.

Ìwà ọmọlúàbí nìkan kọ́ ni mò ń wí. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 (dátà níbí ni ìsọfúnni nípa ènìyàn, kì í ṣe ti fóònù), tí NDPC, àjọ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ náà, ń mójú tó, béèrè irú nǹkan wọ̀nyí: kí ẹ gba kìkì ohun tí ẹ nílò, kí ẹ lò ó fún ohun tí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ lò ó fún, kí ẹ má tọ́jú rẹ̀ kọjá ìgbà tó wúlò, kí ẹ sì dáàbò bò ó. Ọ̀rọ̀ àìsàn ẹni wà lára ohun tí òfin náà mú ní pàtàkì, nítorí náà, ẹ má kọ "ìbà ń ṣe é" tàbí "ó lóyún" sínú rẹ́jísítà tó wà lórí tábìlì. "Kò wá, ó gba ààyè" ti tó. Bí àkọsílẹ̀ bá sì jábọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tí ìyẹn sì lè kó ènìyàn sí wàhálà, òfin fẹ́ kí ẹ fi tó àjọ náà létí láàárín wákàtí 72 tí ẹ bá ti mọ̀.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin

Fún ibi aládìrẹ, ìlà wọ̀nyí tó:

1. Ọjọ́.
2. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe (títẹ àbẹ́là, rírẹ aṣọ sínú aró, yíyọ àbẹ́là, lílọ aṣọ).
3. Aago tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti aago tí wọ́n parí.
4. Iye aṣọ tó dára.
5. Iye tó ní àléébù, àti irú àléébù náà.
6. Ohun tó dá iṣẹ́ dúró.
7. Ẹni tó ṣe é.

Ìlà kẹfà ni ọ̀pọ̀ máa ń fò, òun gan-an sì ni ọkàn ìwé náà. Kò síná láti aago mẹ́wàá di aago kan. Omi kò wá. Àbẹ́là tán, a ń dúró de ẹni tó lọ rà á. Oníbàárà yí bátànì padà. Bí ẹ kò bá kọ ìwọ̀nyí, ẹni tó ń lọ aṣọ lọ́jọ́ tí kò síná yóò dà bí ọ̀lẹ nínú ìwé yín.

Lórí àléébù, ẹ jọ fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ márùn-ún péré kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: àbẹ́là jò, aró kò gbà, àwọ̀ kò dọ́gba, aṣọ ya, òmíràn. Bí ẹnì kan bá ń kọ "kò dáa", tí ẹnì kejì ń kọ "ó dà bákan", ẹ kò ní rí nǹkan kan kà lópin oṣù.

Ìkìlọ̀: ojú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n máa kọ ọ́. Èyí tí wọ́n bá jókòó kọ ní ìrọ̀lẹ́ Friday fún gbogbo ọ̀sẹ̀, ìtàn ni.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kà á, kí orúkọ ènìyàn sì kẹ́yìn

Ẹ farabalẹ̀ níbí, torí ibí ni wọ́n ti ń ṣi ènìyàn dá lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé aláró mẹ́ta wà níbi iṣẹ́ yín. Oṣù parí, ẹ ṣírò, ẹ rí i pé aṣọ 40 ni àwọ̀ wọn kò dọ́gba, pé 24 nínú wọn sì ti ọwọ́ ẹnì kan jáde. Ọ̀gá mìíràn á ti bá a wí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ dúró ná. Ẹ mú aṣọ 24 yẹn, kí ẹ tò ó ní ìtẹ̀léra aago. Ká ní púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, ta ló máa ń rẹ aṣọ ìkẹyìn lójúmọ́? Òun kan náà ni. Láti ìgbà wo ni aró inú báàfù yẹn ti wà níbẹ̀? Láti òwúrọ̀.

Ẹni tó bá ń po aró ìgbàlódé mọ̀ pé kẹ́míkà méjì, kọ́sítíìkì àti háídírò, ló ń jẹ́ kó wọ aṣọ. Háídírò kì í fẹ́ atẹ́gùn, kì í fẹ́ ọ̀rinrin. Bí wọ́n bá ṣí agolo rẹ̀ sílẹ̀, agbára rẹ̀ á máa lọ. Aró tí wọ́n ti pò sínú báàfù náà á máa rọ bí atẹ́gùn ṣe ń bá a, tí aṣọ sì ń wọ inú rẹ̀ léraléra. Ẹni tó kẹ́yìn sídìí báàfù ló ń gba ìyókù. Àléébù ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló fà á.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ dájú? Ẹ pààrọ̀ wọn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó máa ń kẹ́yìn ni kó máa ṣáájú. Bí àléébù bá tẹ̀ lé e lọ sí òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni. Bí ó bá dúró sí ọ̀sán, ẹ lọ dé agolo yín, kí ẹ sì máa po aró tuntun fún aṣọ ọ̀sán.

Nítorí náà, nígbàkigbà tí ẹ bá ń ka ìwé, báyìí ni kí ẹ ṣe máa pín in:

1. Ní wákàtí: òwúrọ̀ tàbí ọ̀sán?
2. Ní ọjọ́: ṣé Monday ni, àbí ọjọ́ ọjà, àbí ọjọ́ tí òjò rọ̀?
3. Ní irú iṣẹ́: bátànì kéékèèké kì í yá bí ńláńlá.
4. Ní ohun èlò: aṣọ tuntun wo ni wọ́n rà, lọ́wọ́ ta ni?
5. Ní ènìyàn. Ìkẹyìn nìyí.

Nǹkan méjì sí i lórí kíkà. Àkọ́kọ́, ẹ má fi oṣù òjò wé oṣù ọyẹ́. Láàárín June sí September, aṣọ kì í tètè gbẹ ní Abẹ́òkúta, kò sí bí òṣìṣẹ́ ṣe lè múra tó. Ẹ fi June ọdún yìí wé June ọdún tó kọjá. Ìkejì, bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí ẹnì kan ń ṣe lójúmọ́, ẹ to iye ọjọ́ kọ̀ọ̀kan láti orí kékeré dé ńlá, kí ẹ mú èyí tó bọ́ sí àárín gan-an. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó pín in, ọjọ́ kan tí iṣẹ́ aṣọ ẹbí ìyàwó wọlé lè ba gbogbo ìṣirò jẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ bá ẹni náà jókòó

Ní kọ̀rọ̀. Kì í ṣe lójú oníbàárà, kì í ṣe lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe lórí WhatsApp. Ní ìlú wa yìí, ọ̀gá púpọ̀ ló kéré sí òṣìṣẹ́ wọn lọ́jọ́ orí. Bí ẹ bá na ìwé sí àgbàlagbà lójú àwọn ọmọdé, ẹ ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn, kódà bí òótọ́ bá wà nínú ìwé náà.

Ẹ gbé ìwé kalẹ̀ kí ẹ jọ wò ó, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè tí ẹ kò tíì mọ ìdáhùn rẹ̀. Sí àgbà:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibí yìí. Àwọ̀ tí kò dọ́gba ń pọ̀ lẹ́yìn aago méjì. Ẹ̀yin lẹ wà nídìí aró, kí lẹ rí tí èmi ò rí?"

Sí ọmọ iṣẹ́:

"Wo ibí yìí. Oṣù tó kọjá, àbẹ́là jò sí aṣọ mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ẹ. Oṣù yìí, mẹ́rin péré. Kí lo yí padà?"

Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Àwa ọ̀gá kì í lè dákẹ́, a máa ń sáré dáhùn ìbéèrè tí a bi ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kó ronú. Àgbà aláró lè sọ fún yín pé òun ti rí i láti ọjọ́ pípẹ́ pé aró ọ̀sán kò lágbára, ṣùgbọ́n pé ẹ ti ní kí wọ́n má fi háídírò ṣòfò. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé kankan.

Kí ẹ tó dìde, ẹ fẹnu kò sórí nǹkan kan tí òun máa ṣe àti nǹkan kan tí ẹ̀yin máa ṣe. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ máa padà wò ó. Bí ó bá jẹ́ tirẹ̀ nìkan lẹ kọ, ìdájọ́ lẹ ṣe.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ ya àtẹ ìmọ̀ iṣẹ́

Àtẹ yìí ló ń sọ àkọsílẹ̀ di ìlọsíwájú fún òṣìṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ wọn sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí òkè: gígé bátànì, títẹ àbẹ́là, pípo aró, rírẹ, yíyọ àbẹ́là, lílọ, bíbá oníbàárà sọ̀rọ̀, ṣíṣírò owó. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi nọ́ńbà kan sí i:

- 0: kò tíì ṣe é rí
- 1: ó ń ṣe é, ẹnì kan ní láti dúró tì í
- 2: ó lè dá a ṣe
- 3: ó lè kọ́ ẹlòmíràn

Òṣìṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà, kí ẹ̀yin tó fún un ní tiyín lórí ìwé mìíràn. Níbi tí méjèèjì kò ti bá ara mu, ibẹ̀ lẹ máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tó fún ara rẹ̀ ní 1 níbi tí ẹ ti fún un ní 3, ẹ wádìí ẹni tó ti fi ọ̀rọ̀ já a kulẹ̀.

Ẹ wá ka àtẹ náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ní 2 tàbí 3 lábẹ́ "pípo aró", ọjọ́ tí ẹni yẹn bá lọ sí ìsìnkú ní Ìjẹ̀bú, iṣẹ́ yín dúró. Ẹ wá ẹni kejì tí ẹ máa kọ́. Ẹ tún kà á láti òsì sí ọ̀tún: ẹni tó ti ń yọ àbẹ́là fún ọdún méjì tí gbogbo ihò yòókù rẹ̀ ṣì jẹ́ 0, ẹ kò kọ́ ẹni yẹn níṣẹ́, ẹ ń lò ó ni. Fún ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe fírídọ̀mù, àtẹ yìí ló yẹ kó sọ bóyá ó ti tó, kì í ṣe iye ọdún nìkan.

Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, ohun tí wọ́n kọ́, ẹni tó kọ́ wọn, iye tó ná yín. Iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní láti máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó san lọ́dún fún ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkọ́ òṣìṣẹ́ níṣẹ́. Ẹni tó bá ń san án déédéé, tó sì ń kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìlànà àjọ náà, lè béèrè tó ìdajì owó náà padà, ṣùgbọ́n wọn kò ní fún ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́.

## Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ yí ohun kan padà, kí ẹ tún kọ ọ́

Ohun kan. Bí ẹ bá yí aró, aago àti ẹni tó ń ṣe é padà lọ́sẹ̀ kan náà, tí nǹkan sì dára, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn, kí ẹ tún kà á.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Kíka iye nìkan. Ẹ ní kí wọ́n tẹ àbẹ́là sí aṣọ 20 lójúmọ́, wọ́n á tẹ 20, fóòmù tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ á máa yẹ̀ lórí bátànì, àbẹ́là á máa jò. Ọdún 1975 ni Charles Goodhart, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Bìrìtìkó, ti kọ ọ́ pé òǹkà tí a bá ti sọ di ohun tí a fi ń darí kì í ṣeé gbára lé mọ́. Ẹ máa ka iye tó dára mọ́ iye tó ní àléébù, kí ọ̀kan máa ṣọ́ èkejì.

Títo orúkọ láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn lórí gúrúùpù WhatsApp. Ẹni tó ṣe ìkẹyìn á máa wá iṣẹ́ mìíràn, ẹni tó ṣe àkọ́kọ́ kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Ohun tó kan gbogbo wọn ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri: àléébù oṣù yìí àti ti oṣù tó kọjá, láìsí orúkọ.

Fífi àtẹ ìmọ̀ iṣẹ́ ṣírò owó oṣù. Bí wọ́n bá mọ̀ pé nọ́ńbà 1 lórí àtẹ á dín owó kù, gbogbo wọn á kọ 3.

Kámẹ́rà níbi gbogbo. Kámẹ́rà lè sọ fún yín pé ẹnì kan jókòó. Kò lè sọ pé ó ń dúró de omi.

Gígé owó ẹni tó pẹ́ dé. Èyí ni wọ́n máa ń bá mi jiyàn lé lórí jù. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà kò gbà kí agbanisíṣẹ́ yọ owó ìtanràn nínú owó ọ̀yà òṣìṣẹ́ tí òfin náà kàn, ìyẹn oníṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ pàápàá, ẹ ní láti kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ bi rẹ́jísítà léèrè. Bí ó bá jẹ́ pé Monday nìkan ni ó ń pẹ́, tí ó sì ń ti Èkó bọ̀, ẹ sún Monday rẹ̀ sí aago mẹ́sàn-án, kó fi ìrọ̀lẹ́ dí i.

## Ìwé, fóònù, àbí kọ̀ǹpútà?

Fún oṣù méjì àkọ́kọ́, ìwé. Ọwọ́ tó kún fún aró kò lè tẹ fóònù. Bí ìwé bá ti dúró, kí ẹnì kan máa dà á sínú Excel tàbí Google Sheets lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó fi pásíwọ́ọ̀dù tì í, kó má sì lo orúkọ níbi tí nọ́ńbà bá ti tó. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, bí ilé ìtẹ̀wé, lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ tààrà.

## Bí òṣìṣẹ́ yín kò bá ju méjì tàbí mẹ́ta lọ

Ẹ má wulẹ̀ ṣírò àléébù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iye rẹ̀ kéré jù láti sọ ohun kan. Ẹ fi ìlà "ohun tó dá iṣẹ́ dúró" àti àtẹ ìmọ̀ iṣẹ́ nìkan bẹ̀rẹ̀. Ní Saturday tó kẹ́yìn oṣù, ẹ jọ ka ìlà ìdádúró náà, ẹ mú èyí tó wáyé jù, kí ẹ sì jọ pinnu ohun tí ẹ máa ṣe sí i kí Monday tó dé. Bí ó bá jẹ́ pé àbẹ́là ló máa ń tán, ẹ mọ ohun tí ẹ máa rà.